Ìbọn Nínú Ilé Orí Omi

Ọjọ́ tí ìbọn ìléwọ́ náà kọ́kọ́ wọ ilé wa, ìyá mi ní kí n gbé e sínú ìkòkò tí òun kò lò mọ́, kí n sì fi ọmọrí dé e.

"Màmá, ìbọn kọ́ là ń sè," ni mo wí.

"Ta ló máa wá ìbọn dé inú ìkòkò? Olè tó bá ṣí ìkòkò mi, ebi ló ń pa á, kì í ṣe ìbọn ló ń wá."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ìyàwó mi kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín rárá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan gbé abẹ́ ikùn rẹ̀, ó ń wo ìdì aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi bí ẹni tó rí ejò lórí ẹní.

N ò ní purọ́, ẹ̀rù ìbọn náà ń ba èmi gan-an. Ó ti ń bà mí kó tó dé ọwọ́ mi. Ohun tó jẹ́ kí n gbà á ni pé ẹ̀rù mìíràn wà tó ju tirẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni mò ń wà. Ìwé mi kò jìnnà. Nígbà tí bàbá mi kú ni mo kúrò ní girama, mo sì lọ jókòó sídìí ẹ́ńjìnnì. Láti Zion Pepe, ìlú wa létí òkun, ni mo ti ń kó èrò àti ẹja yíyan lọ sọ́jà, tí mo sì ń kó púpurú tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, epo pupa àti ọṣẹ bọ̀. Ní àsìkò tí mò ń wí yìí, àwọn olè orí omi ti ń dá wa lọ́nà. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń wá. Wọ́n á yọ láti inú odò tóóró kan, wọ́n á na ìbọn sí ọ, wọ́n á tú ẹ́ńjìnnì rẹ gbé lọ, wọ́n á sì fi ìwọ àti èrò rẹ sílẹ̀ lójú omi kí ìṣàn máa gbé yín káàkiri. Wọ́n ṣe é fún awakọ̀ kan tí a jọ ń so ọkọ̀ mọ́ afárá pákó kan náà. Nígbà tí a fi rí i, oòrùn àti omi iyọ̀ ti bó o létè, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ìyàwó mi máa ń bá mi lọ sọ́jà pẹ̀lú agbọ̀n ẹja rẹ̀. Oyún wa àkọ́kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Bí a bá ti ń sún mọ́ ibi tí odò ti tẹ̀ kọ́rọ́, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni mo máa ń wò, n kì í wo omi mọ́. Mo máa ń bi ara mi pé bí wọ́n bá yọ báyìí, kí ni mo fẹ́ fi gbà á sílẹ̀? Àjẹ̀ ni, àbí ariwo?

Àwọn àgbà ìlú dá ẹ̀ṣọ́ omi sílẹ̀, wọ́n sì gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó yẹ kí wọ́n gbà á. Ìbọn gígùn kò rọrùn fún awakọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kan wà lára ẹ́ńjìnnì, nítorí náà wọ́n fún àwa awakọ̀ ní ìbọn ìléwọ́ kan tó ní ìwé àṣẹ. Ẹni tí ìṣọ́ bá kàn lọ́sẹ̀ náà ló ń gbé e, ilé rẹ̀ náà ni ìbọn ń sùn.

Sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ní kó kọ́ wa. Ará òkè ni, ìhà Èkìtì ló ti wá. Iṣẹ́ olùkọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣe ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀gá la máa ń pè é. Kò tíì yọ ìbọn lápò tó fi ṣòfin pé ìbọn náà kò ní sùn nínú ilé tí ẹyọ ẹnì kan bá wà tí kò mọ ìwà rẹ̀.

"Ìwọ tí o gbé e kọ́ ló máa kọ́kọ́ pa," ó wí. "Ẹni tó ń wá iyọ̀ nínú òkùnkùn ilé, tí ọwọ́ rẹ̀ bá a, òun ni. Ẹ lọ kọ́ àwọn ará ilé yín."

Ṣùgbọ́n àwa náà ní láti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Orí yanrìn etí òkun la ti kọ́ ọ, níbi tó jìnnà sí ilé gbogbo. Ọ̀gá ní kí a kó yanrìn jọ bí òkìtì ńlá, kí a gbé kéègì òfìfo síwájú rẹ̀, kí ọta má baà rìn kọjá ibi tí a rán an. Bó ṣe kàn mí, mo gbé ìbọn sókè, mo fà á, mo sì gbọ́ ìró rẹ̀ nínú eyín mi. Kéègì jókòó síbẹ̀, kò mira. Mo tún yìn, mo tún yìn. Yanrìn fò lápá ọ̀tún, ó fò lẹ́bàá ẹsẹ̀ kéègì, ṣùgbọ́n kéègì ò mọ̀ pé ẹnì kankan ń bá òun jà.

"Ẹ̀yin ẹja inú òkun, ẹ sá o!" ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ kígbe. "Ọ̀gbẹ́ni yìí ò fẹ́ fi àwọ̀n pa yín mọ́!"

"Kéègì yẹn, mo fẹ́ rà á," òmíràn wí. "Ó lórí ire. Màá máa fi rọ epo."

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìbọn lọ́wọ́ mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń ṣe nǹkan kan tí n ò rí, ó sì dá a padà. Ó ní kí n yìn ín. Mo fà á. Kò dún. Ó kàn ṣe "kẹ́" bí ẹni fi èékánná ta páànù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti já wálẹ̀ pátápátá, ojú mi sì ti pa dé. Gbogbo wọn rí i. Ọ̀gá ti fi ọta tó ti kú sáàárín àwọn ààyè ọta.

"Ṣé o rí i? Ìbọn ò ṣe nǹkan kan. Kò tíì dún tí ìwọ ti ń sá."

Ojú tì mí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè gbé ìbọn kó sì máa rò pé òun kì í ṣe ojo.

Ọ̀gá kò fi mí sílẹ̀ o. Ó ní kí n dúró bí mo ṣe máa ń dúró nínú ọkọ̀ bí ìgbì bá ń gbé e, kí orúnkún mi rọ̀, kí àyà mi tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ó ní irin kékeré tí ìka ń fà yẹn, kí n má ṣe já a gbà. Ọ̀rọ̀ tí èmi fi yé ara mi ni pé bí ẹja ńlá bá wà nínú àwọ̀n, díẹ̀díẹ̀ ni èèyàn ń fa okùn, torí bó bá já a gbà, àwọ̀n á ya. Ó tún máa ń mú ìkarahun ìsáwùrù kan, á gbé e lé orí ìbọn tó ti tú ọta inú rẹ̀, á ní kí n fà á kí ìkarahun má jábọ́. Ó jábọ́ títí ó fi sú mi. Lọ́jọ́ kan kò jábọ́ mọ́. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kejì tí ìbọn kàn mí, mo ti ń bá kéègì, omi tí a rọ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà sì ń tú jáde lójú ihò tí mo dá sí i lára. Ẹni tó ní òun fẹ́ rà á ní òun ò rà mọ́.

Inú mi dùn. Bóyá ìdùnnú yẹn ni mo ń kà sí ìgboyà. N ò mọ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí. Orí òpó ló wà, bí ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa. Pákó la fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Omi ń wọlé ó ń jáde lábẹ́ wa, bí òkun bá ṣe ń kún tó sì ń fà. Abẹ́ ilé yẹn la ń so ọkọ̀ sí kí oòrùn má baà la á, ibẹ̀ náà sì ni aládùúgbò ń gbà bí kò bá fẹ́ wakọ̀ yí gbogbo ìlú po. Torí náà, bí o bá fẹ́ da omi àwo tàbí omi ẹja gba àárín pákó, wàá kọ́kọ́ ké pé, "Omi o!" Bí èèyàn bá wà nísàlẹ̀, á dáhùn pé, "Ẹ dúró o!" Wàá dúró kó kọjá. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ń ké e. Ẹni tó bá da omi sí aládùúgbò lórí láìké, gbogbo ìlú á gbọ́ èébú rẹ̀.

Nígbà tí ìbọn kọ́kọ́ dé, mo pe ìyá mi àti ìyàwó mi jókòó. Ìyá mi ń ṣa edé nínú atẹ, ìyàwó mi ń tún àwọ̀n ṣe. Mo gbé ìbọn òfìfo síwájú wọn, mo kó àwọn ọta sínú agolo lọ́tọ̀, mo sì ń ka òfin bí Ọ̀gá ṣe kà á fún wa. Mo ní gbogbo ìbọn ló ní ọta nínú, títí kan èyí tí o fojú ara rẹ rí i tí wọ́n tú. Mo ní ẹ má na ẹnu rẹ̀ sí ohun tí ẹ kò fẹ́ pa. Ìka kì í kan irin kékeré yìí, àfi bí ojú bá ti rí ohun tí ẹ fẹ́ yìn, kí ẹ sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Èmi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ yìn," ìyá mi wí. "Àfi ológbò tó ń jí edé mi."

"Màmá, ẹ gbọ́ ná."

"Mo ń gbọ́. Ẹnu mi ló ń ṣeré, etí mi kò ṣeré."

Mo wá kan òfin tí Ọ̀gá ṣe fún inú ilé. Ó ní nínú ilé, ilẹ̀ ni kí ẹnu ìbọn máa wò nígbà gbogbo. Ilẹ̀ kò ní ẹ̀jẹ̀. Ohunkóhun tó bá ṣèèṣì jáde, ilẹ̀ á gbé e mì.

Ìyàwó mi gbé ojú kúrò lára àwọ̀n. "Ilẹ̀ wo?"

"Ilẹ̀ náà ni. Ibi tí a jókòó lé yìí."

"Pákó nìyí."

"Ṣebí ilẹ̀ ilé wa ni."

Ó wò mí, ó wo pákó, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá mi ní, "Ìyàwó mi, jẹ́ kí olùkọ́ rẹ parí iṣẹ́ rẹ̀, ebi ń pa mí." Ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Mo gbọ́ ohun tó bi mí. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Ọ̀gá tóbi létí mi ju tirẹ̀ lọ ni.

Ọ̀sẹ̀ náà kọjá láìsí wàhálà, ìbọn lọ sí ilé àwọn ẹlòmíràn, ó sì tún yípo padà sọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ tí mò ń wí, mo gbé èrò láàárọ̀. Níbi odò tó tẹ̀ kọ́rọ́ yẹn, a rí ọkọ̀ kan tí a kò mọ̀, tó kàn dúró láìso mọ́ nǹkan kan, tí ọkùnrin méjì jókòó sínú rẹ̀ láìju àwọ̀n. Mo fa ẹ̀yìn ìbọn, ọta kan sì gòkè wọ ọ̀fun rẹ̀, kó lè ṣe tán bí mo bá fẹ́ ẹ. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. A kọjá. Wọ́n juwọ́ sí wa. Bóyá apẹja ni wọ́n. Títí tí mo fi já èrò sílẹ̀ ni àyà mi ń lù, mo sì gbàgbé ọta tó wà nínú ọ̀fun ìbọn. Bó ṣe rí nìyẹn.

Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án, ìyá mi ń yan ẹja. Ìyàwó mi ti wakọ̀ kékeré lọ gba igi ìdáná. Mo sọ fún ìyá mi pé mo bá kéègì lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra lánàá.

"Ṣé kéègì ni olè?" ó wí.

"Ẹ wá, ẹ jẹ́ kí n fi bí a ṣe ń mọ̀ pé ìbọn ti ṣófo hàn yín. Ẹ gbàgbé èyí lọ́jọ́sí."

Mo yọ ilé ọta láti ìdí ìbọn, mo gbé e sílẹ̀. Ó yẹ kí n fa ẹ̀yìn ìbọn, kí n wo inú ọ̀fun rẹ̀, kí n tún fi ìka kàn án. Òfin àkọ́kọ́ pàápàá nìyẹn. Mo fò ó. Mo ti ṣe é títí tí mo fi rò pé ọwọ́ mi ti ṣe é fúnra rẹ̀. Mo dojú ẹnu ìbọn kọ ilẹ̀ bí a ṣe kọ́ mi, mo ní, "Ẹ ó gbọ́ kẹ́," mo sì fà á.

N ò gbọ́ kẹ́. Gbogbo ilé ló fọ́ mọ́ mi létí. Èéfín bo ojú mi, pákó ta wẹ́wẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ojú mi là, ihò kan tí kò ju ìka lọ wà láàárín ẹsẹ̀ mi, omi sì ń tàn nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wo àárín pákó. Mo rò pé ọta ti bà á. Ẹnu rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n n ò gbọ́ nǹkan kan. Hoo hoo nìkan ló wà ní etí mi, bí ẹni tó ri ara sínú odò. Ó ń na ìka sílẹ̀, ó ń na ìka sílẹ̀. Mo wo ètè rẹ̀. Ohun tó ń wí ni pé, "Ìyàwó rẹ ti dé. Ó wà nísàlẹ̀."

Mo pè é. Mo mọ̀ pé mo pè é torí ọ̀fun mi dùn mí. N ò gbọ́ ìdáhùn, n ò sì mọ̀ bóyá kò dáhùn ni àbí etí mi ni kò gbọ́. Ìyá mi, tí etí tirẹ̀ ti ń là, mi orí pé rárá, kò dáhùn. Ibi tí ẹ̀rù ti mú mi dé nìyẹn láyé yìí. N ò tíì kọjá ibẹ̀ rí. Mo fi ìbọn sílẹ̀, n ò mọ ibi tí mo fi í sí, mo gba àkàbà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn.

Ó jókòó nínú ọkọ̀, ó fi ẹ̀yìn ti òpó. Ó di kéègì gígé tó fi ń gbọ́n omi mú ní àyà bí ẹni gbé ọmọ. Ẹnu rẹ̀ là, kò sọ̀rọ̀. Láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, omi ń rú jáde láti ìdí ọkọ̀. Ọta ti gba iwájú orúnkún rẹ̀ kọjá, ó gba ìdí ọkọ̀, ó bá omi lọ. Mo bọ́ sínú ọkọ̀, mo ń fọwọ́ pa á lórí, ní èjìká, ní ikùn, mò ń wá ẹ̀jẹ̀. Mo rí nǹkan pupa lọ́wọ́ mi, mo sì kígbe. Tèmi ni. Pákó ló ya mí.

Ó ti ọwọ́ mi kúrò. Kò le, kò rọ̀. Ó kàn tì í kúrò bí ẹni ti ewéko omi kúrò níwájú ọkọ̀. Omi ti mu wá dé ọrùn ẹsẹ̀, ọkọ̀ ń rì lábẹ́ wa, igi ìdáná tó gbà bọ̀ ti ń léfòó lọ. A dì mọ́ òpó. Ìyá mi nawọ́ sí i láti òkè, ó sì gba ọwọ́ ìyá mi, kò gba tèmi.

Agbẹ̀bí wá kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó gbé etí lé e, ó sì pẹ́ kó tó gbé orí sókè. Èmi dúró lóde lórí afárá. Mo ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá mi láti ẹnu ọ̀nà, torí n ò lè wo nǹkan mìíràn. Agbẹ̀bí ní ọmọ ń mira. Ó ní ẹ̀rù ló ba ìyá ọmọ, kó sinmi. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi di ẹrù rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wá fi ọkọ̀ gbé e lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Oríòkè-Ìwàmímọ́. Kò bá mi jà. Ìbá sàn kó bá mi jà.

Mo gbé ìbọn padà fún Ọ̀gá, mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí fún un. Ó bi mí ní ìbéèrè púpọ̀, kò sì bú mi. Ó bá mi wọkọ̀ wá sílé. Ó dojúbolẹ̀ lórí pákó, àgbàlagbà, ó fi ojú kan wo inú ihò náà. Ọkọ̀ aládùúgbò kan ń kọjá lábẹ́ wa lákòókò yẹn, obìnrin kan àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá rí wọn. Ó dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀.

"Ilẹ̀ ilé bàbá mi, òkúta ni," ó wí. "Orí rẹ̀ ni mo ti kọ́ òfin yẹn, mo sì gbé e wá sórí omi fún yín."

"Ọ̀gá, ẹ̀bi yín kọ́. Èmi ni n ò wo ọ̀fun rẹ̀."

"Èyí tí o ṣe, ìwọ lo ṣe é. Èyí tí mo ṣe náà ni mò ń wí."

Mo kó yanrìn láti etí òkun. Ọkọ̀ mi kì í kó yanrìn. Àwọn èrò ń bi mí bóyá mo fẹ́ kọ́lé ni. Mo rọ ọ́ kún dúrọ́ọ̀mù kan, mo gbé dúrọ́ọ̀mù náà sí igun ilé, níbi tí òpó ńlá wà lábẹ́ rẹ̀ tí ọkọ̀ kankan kò lè gbà. Inú yanrìn yẹn ni ẹnu ìbọn yóò máa wò, kì í ṣe pákó mọ́. Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bẹ ìyàwó mi.

Ó jáde sí mi ní ìta ilé ìyá rẹ̀, ó jókòó lórí àga, n ò jókòó. Mo sọ ti dúrọ́ọ̀mù. Mo sọ ti yanrìn. Mo ní bó bá fẹ́, mo máa jáde nínú ẹ̀ṣọ́, ìbọn ò ní wọ ilé wa mọ́.

"Àwọn olè ti lọ ni?" ó bi mí.

"Wọn ò tíì lọ."

"Kí lo fẹ́ fi wakọ̀ kọjá níbẹ̀ nígbà náà? Ariwo?"

N kò mọ̀ pé ó mọ ohun tí mo máa ń rò.

Ó wá ní, "Omi àwo, à ń ké. Omi tí a fi fọ ẹja, à ń ké. Omi tí kò lè ṣe ju kó ba aṣọ èèyàn jẹ́. Ìbọn, o ò ké."

Ohun tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ mọ̀ nílé wa ni.

"Mo gbọ́ tí o ń bá Màmá sọ̀rọ̀," ó wí. "Mo gbọ́ ohùn rẹ lókè, mo ń gbọ́n omi nísàlẹ̀. Ò bá kàn ké, ǹ bá ní kí o dúró. Ẹ̀mí mi kò ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ."

Ó ní òun á wá kọ́ ìbọn náà kí òun tó padà sùn nílé wa. Ó ní Ọ̀gá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó sì ní bí òun bá ń kọ́ ọ lókè, abẹ́ ilé ni èmi yóò wà.

"Abẹ́ ilé? Kí ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Máa gbọ́n omi."

Lọ́jọ́ tó wá, Ọ̀gá tú gbogbo ọta lójú wa, ó fa ẹ̀yìn ìbọn, ó wo ọ̀fun rẹ̀, èmi fi ìka kàn án, ìyàwó mi fi ìka kàn án. Ọ̀gá kó àwọn ọta lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu afárá. Kò sí ohun tó lè jáde nínú ìbọn yẹn mọ́ ju afẹ́fẹ́ lọ. Mo mọ èyí, mo fi ọwọ́ ara mi mọ̀ ọ́n. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wọ ọkọ̀ kékeré tí mo ti fi pákó àti ọ̀dà dí ìdí rẹ̀, mo jókòó síbi tó jókòó sí, mo fi ẹ̀yìn ti òpó kan náà.

Omi ń kún. Ó ń lu òpó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lókè orí mi, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ lórí pákó, mo sì mọ ti olúkúlùkù wọn: ẹsẹ̀ ìyá mi tó ń wọ́, bàtà Ọ̀gá, ẹsẹ̀ ìyàwó mi tó ti wúwo nítorí oyún. Ìmọ́lẹ̀ gba inú ihò náà wá sílẹ̀, ó jókòó sórí itan mi. Mo sún. Ọkọ̀ mì, ìmọ́lẹ̀ tún bá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi tí kò sí nínú ọkọ̀. Mò ń sọ fún ara mi pé ó ṣófo, ìwọ lo fi ìka kàn án, ara mi kò gbà. Nǹkan kan jábọ́ lórí pákó, bóyá ṣíbí ìyá mi, mo sì da ojú bolẹ̀ sínú ọkọ̀.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkè, ohùn tó fi máa ń ké "Omi o."

"Ìbọn o! Ta ló wà nísàlẹ̀?"

Mo fẹ́ dáhùn. Mo la ẹnu, ahọ́n mi sì gbẹ mọ́ òkè ẹnu mi. Mo mọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, kò jáde. Mo di kéègì gígé mú ní àyà.

Lókè, kò sí ẹni tó mira. Mo gbọ́ tí Ọ̀gá ní, "Máa bá a lọ, ìyàwó, a mọ̀ pé òun ni."

"Rárá, sà," ni mo gbọ́ tó wí. "Kò tíì dáhùn."

Ó tún ké e. Ó dúró. Ó tún ké e ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kò sì fi ìbínú ké e. Ó kàn ké e bí a ṣe ń ké sí aládùúgbò tí a kò fẹ́ da omi lé lórí.

"Ẹ dúró o!" mo wí. Ohùn náà kò jọ tèmi. "Èmi ni o! Ẹ dúró!"

"Wakọ̀ jáde kúrò níbẹ̀," ó wí. "Mò ń dúró."

Mo tú okùn. Mo gbá àjẹ̀ mọ́ òpó. Mo wakọ̀ jáde sínú oòrùn, mo lọ dúró lẹ́bàá afárá níbi tí mo ti lè rí ẹnu ọ̀nà ilé wa. Kò pẹ́ tí ó fi yọ orí síta láti wò bóyá mo ti kúrò lóòótọ́. Ó rí mi. Ó wò mí títí, lẹ́yìn náà ni ó padà sínú ilé, síbi tí dúrọ́ọ̀mù yanrìn wà.